Ìṣẹ́jú Kan Lẹ́yìn Oòrùn

Leeds, ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú àìsùn ìrun àṣùbá. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Àbúrò mi Nafisa ní ẹ ṣì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè mọ́sálásí láti pe ìrun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nísàlẹ̀. Bàbá, ta lẹ ń bá figagbága?

Ẹ ní kí n yé sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ lórí fóònù, pé gbogbo ilé ló ń tẹ́tí. Ó dáa, mo kọ ọ́ bíi lẹ́tà, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí ẹ kà á fúnra yín. Ọ̀rọ̀ áàpù tí Mùbárákù ń ṣe fún mọ́sálásí wa ni. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yìí ní òun fẹ́ ṣe ohun tí yóò máa sọ àsìkò ìrun, sààrì àti ìṣínu fún jàmáà, inú mi dùn pé ẹni tí ẹ tọ́ bí ọmọ bíbí inú yín kò fi ṣọ́ọ̀bù fóònù rẹ̀ ní Circle, Accra níbẹ̀, mọ sórí títún gíláàsì tó fọ́ ṣe. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun níbí náà nìyẹn: bí wọ́n bá kọ ètò kọ̀ǹpútà tán, èmi ni mo ń wá gbogbo ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ ará ìlú.

Mo ti rí ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà mi, gbogbo rẹ̀ pé. Mo gbé e sórí fóònù àlòkù kan, àsìkò ìṣínu àwọn ọjọ́ kan nínú Ràmàdáánì tó ń bọ̀ fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀. Ètò kan náà, ìlú kan náà, oòrùn kan náà.

Bó ṣe rí nìyí. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wá ibi tí oòrùn wà ní ìrù gígùn lẹ́yìn pọ́ínǹtì, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè gbé gbogbo ìrù náà, àfi kó gé e. Ọpọlọ fóònù kan á ṣe ìṣirò díẹ̀, á gé ìrù, á ṣe èyí tó kù, á tún gé. Òmíràn á ṣe méjèèjì pọ̀ kó tó gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aránṣọ ni yín, ẹ mọ̀ pé ẹni tó gé aṣọ lẹ́ẹ̀mejì àti ẹni tó gé e lẹ́ẹ̀kan, etí aṣọ wọn kì í bára mu pátápátá. Ìyàtọ̀ náà kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá lọ wọ̀ gẹ́lẹ́ lórí ààlà ìṣẹ́jú méjì, fóònù kan á ní ó ti bọ́ sínú èyí tuntun, èkejì á ní ó ṣì ku díẹ̀, á sì kọ ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹni tó bá fi ti èkejì yẹn ṣínu ti jẹun nígbà tí oòrùn wà lókè.

Mi ò lè ní kí gbogbo fóònù ayé bára mu dé ìrù nọ́ńbà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ìṣẹ́jú kan kún ìṣínu fún ìṣọ́ra, mo yọ ọ̀kan nínú ti sààrì. Mo wá kọ ìdánwò kan tí yóò gbé àmì pupa jáde bí áàpù bá fẹ́ kí fóònù kankan dún fún ìṣínu kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ bá mi wo irú fóònù tí àwọn ará mọ́sálásí ń lò, kí n lè dán an wò lórí wọn. Ẹ sì sọ fún Mùbárákù kó yọ orúkọ mi kúrò lójú ewé àkọ́kọ́ áàpù náà. "Lubabah Tàjùdíìnì ló yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ̀yin lẹ ní kó kọ ọ́, mo mọ̀. Ojú ń tì mí.

Ọmọ yín,
Lubabah Tàjùdíìnì


Dansoman, Accra, ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2025

Lubabah ọmọ mi,

Ojú rẹ á rí rere níbi tí o wà. Òtútù ibẹ̀ kò ní mú ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú gíláàsì mi. Orúnkún mi kò rán ọ níṣẹ́ o. O ní ta ni mò ń bá figagbága? Ikú ni, kò sì tíì borí mi. Bàbá mi ló kọ́kọ́ jẹ ladáánì mọ́sálásí yìí, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó pe ìrun láti ìsàlẹ̀ nínú wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìpè yẹn lọ́wọ́ mi, kí wọ́n kúkú gbẹ́ ilẹ̀ fún mi.

Ti fóònù: Alhaji Àrówólò, alága wa, ra tuntun kan tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Tèmi ni èyí tí o rà fún mi kí o tó lọ. Ti àwọn ìyókù, bí Mùbárákù ṣe ń tún un ṣe ló ń tún un bà jẹ́.

Mo ní ẹjọ́ kan. Ààwẹ̀ Mọ́ńdè tí a gbà, áàpù yín la fi ṣínu. Mọ́sálásí òdìkejì ti pe ìrun, wọ́n ti ń fẹ́ ògì kóòkó gbígbóná mu, àwa jókòó ti dàbínù, à ń wo ara wa bí ẹni tí wọ́n jẹ níyà. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ wọ ọkọ̀ tròtró yọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin Anago, ẹ̀yin ará Yorùbá, ṣé oòrùn tiyín gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá kó tó wọ̀ ni?" Ìmáàmù rẹ́rìn-ín. Alhaji rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, Lubabah.

Jọ̀ọ́, bá mi yọ ìṣẹ́jú yẹn. Bí ìṣirò bá pé, kí ló tún ń fi àfikún ṣe? Ẹni tó bá wọn aṣọ dáadáa kì í fi àlẹ̀mọ́ sí i.

Orúkọ rẹ kò kúrò níbi kankan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé mi ni mo ń fi hàn. Ọdún wo lo ń bọ̀? Ilé yìí ti ń gbàgbé ohùn rẹ.

Bàbá rẹ,
Tàjùdíìnì


Leeds, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ oòrùn tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kò pa yín lẹ́rìn-ín.

Bàbá, mi ò lè yọ ọ́. Ìṣirò pé. Àwọn ẹ̀rọ ni kì í ṣe ọ̀kan náà, mi ò sì lè jókòó sí Leeds kí n mọ irú ọpọlọ tó wà nínú fóònù gbogbo ìyá tó ń ṣínu ní Dansoman. Bí ìṣẹ́jú yẹn bá wà níbẹ̀, fóònù yín àti ti Alhaji lè máa jiyàn bó ṣe wù wọ́n, oòrùn á ti wọ̀ kí èyíkéyìí nínú wọn tó dún. Ẹ gbà kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín kì í ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ta ló tilẹ̀ kọ́ mi? Mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀ lé yín gun òkè mọ́sálásí. Mo ní, "Bàbá, ó ti wọ̀, ẹ pè é." Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Dúró. Bí ojú bá ń ṣiyèméjì, kí ẹnu má ṣáájú rẹ̀." Ebi ń pa mí, mo bínú sí yín títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo sọ di ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yín ló wà nínú áàpù yẹn, Bàbá, kì í ṣe tèmi.

Mo ti kìlọ̀ fún Mùbárákù kó má fọwọ́ kàn án. Bí àmì pupa bá yọ, kó pè mí kíá.

Ọmọ yín,
Lubabah Tàjùdíìnì


Dansoman, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, 2025

Lubabah,

Mi ò kí ọ. Ẹni tó dójú tini kì í retí ìkíni.

Lánàá mo gun òkè, fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Ó dún, mo pe ìrun. Gbogbo jàmáà gbé omi sẹ́nu. Ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti gbọ́ ariwo. Alhaji Àrówólò na fóònù tiẹ̀ sókè, tirẹ̀ kò tíì dún. Áàpù kan náà! Mo fẹ́ ní fóònù rẹ̀ ló pẹ́, àfi bí Mutala tó ń tún táńkì omi ṣe lórí ilé alájà mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ wa ṣe figbe ta látòkè: "Bàbá Ladáánì, oòrùn ṣì wà níbí o! Mo ń rí etí rẹ̀!"

Ìmáàmù ní gbogbo ẹni tó ti fi nǹkan kan ẹnu ni yóò san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà. Ìyá Zuweira, arúgbó tó jẹ́ pé tipátipá ló fi gbà á dé ìrọ̀lẹ́, bú sẹ́kún níwájú mi. Nígbà tí a kírun tán, wọ́n gba ìpè lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún Faruk. Faruk! Ẹni tí ohùn rẹ̀ dà bí ti ewúrẹ́ tí òjò pa!

Wọ́n bi mí pé ta ló ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo fi orúkọ rẹ hàn wọ́n. Kí ni mi ò bá ṣe?

O tà mí, Lubabah. Ìwọ tí mo fi ń yangàn láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ti wá mọ ìdí tí o fi rọ̀ mọ́ àfikún ìṣẹ́jú yẹn: ìbòrí lo fi ṣe fún iṣẹ́ tí kò dára. Ìbòrí ṣí, ìhòòhò iṣẹ́ rẹ hàn.

Tàjùdíìnì


Leeds, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín, bí ẹ kò tilẹ̀ kí mi. Mo sunkún nítorí ìpè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Mo mọ ohun tó jẹ́ fún yín, mo sì mọ ohùn Faruk.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi. Ẹ ní ìbòrí ṣí. Ta ló ṣí i? Èyí tí mo fọwọ́ sí ní ìṣẹ́jú yẹn nínú. Bó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí bí fóònù yín ṣe lè dún kí oòrùn tó wọ̀. Ẹnì kan ti yọ ọ́. Ìdánwò mi ì bá sì ti pọ́n wá bí ojú aláìsàn, a jẹ́ pé ẹni náà ti pa ẹnu ìdánwò náà dé. Yàtọ̀ sí mi, Mùbárákù nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè.

Ẹ kọ̀wé sí mi pé mo tà yín. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mi ò mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì kọjá ibi iṣẹ́ mi. Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣé ẹ kò mọ̀ mí ni?

Ọmọ yín,
Lubabah Tàjùdíìnì


Dansoman, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta, 2025

Lubabah,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Má fi ẹnu ba ọmọ aláìní-bàbá jẹ́. Mùbárákù wà níbí, òun ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ìwọ wà níbi tí o wà, o ń kọ̀wé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí mo rí láyé yìí, o kò tíì rí i.

Mo ti ṣàlàyé fún àwọn àgbà mọ́sálásí pé láti Leeds ni àṣìṣe ti wá. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, pé èèyàn lè ṣì í. Kò sí ẹni tó bú ọ. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Má ṣe kọ nǹkan kan sí Mùbárákù, má dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé mi nínú oṣù alápọ̀nlé.

Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ rẹ.

Bàbá rẹ,
Tàjùdíìnì


Leeds, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu. Mi ò kọ̀wé sí Mùbárákù, ẹ̀yin lẹ ní kí n má kọ. Òun ló pè mí lọ́jọ́ ọdún. Ó ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ẹnì kan ló kú.

Ó ní ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun ní Circle nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la. Ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, ẹ ní kó yọ ìṣẹ́jú yẹn. Ó ní, "Lubabah ní kí n má fọwọ́ kàn án." Ẹ ní, "Ta ni bàbá, ta ni ọmọ?" Ó yọ ọ́. Àmì pupa yọ. Ó fi hàn yín, ó ní ohun tí Lubabah sọ nìyí. Ẹ ní kó pa á. Ó pa á lójú yín.

Bàbá, gbogbo èyí ni mo lè gbé mì. Ẹ fẹ́ kí mọ́sálásí yín ṣínu pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ kò gbà pé ẹ̀rọ méjì lè jiyàn lórí oòrùn kan. Ó yé mi. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni pé Mùbárákù bi yín pé kí òun yọ orúkọ mi náà, níwọ̀n bí kì í ti í ṣe iṣẹ́ mi mọ́. Ẹ ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ ní orúkọ mi ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́.

Nítorí náà ẹ mọ̀. Nígbà tí ẹ ń fi orúkọ mi han Alhaji, ẹ mọ̀. Nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ sí mi pé mo tà yín, ẹ mọ̀ pé ọjà ti kúrò lọ́wọ́ mi kí ó tó bàjẹ́. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa bí èmi àti Nafisa bá ń jà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní mọ́sálásí báyìí? Nafisa rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ìyẹn ló fi sọ fún mi. Bí aago ògiri bá dúró, bí kẹ́tùlù àlùwàlá bá ń jò, wọ́n á ní, "Lubabah ló yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ẹ dìde, kí ẹ ní, "Kì í ṣe ọmọ mi ló ṣe é." Ẹ má tilẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Ọmọ yín,
Lubabah


Dansoman, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, 2025

Lubabah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Òjò ti dé síbí, gọ́tà iwájú ilé tún ti kún. Nafisa ti lóyún, á ti sọ fún ọ. Ó ń di ìyẹ̀fun kóòkó àti ata dídín ṣítọ̀ sínú àpò kan fún ọ, tí a bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ rẹ.

Wọ́n ti dá ìpè padà fún mi. Ọ̀rọ̀ Faruk sú wọn, àwọn ọmọdé ń sín in jẹ. Alhaji Àrówólò dìde lójú gbogbo jàmáà, ó ní a kì í torí àṣìṣe ọmọ fìyà jẹ bàbá. Gbogbo wọn ní àmín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí o bèèrè, mo ti rò ó. Kí ni kí n sọ? Ó ní ohun tí ojú àgbàlagbà lè gbà. Bí mo bá dìde sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé ta ni, wọ́n á sì tún gba ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà. Ìwọ wà ní Leeds. Wọ́n ń san owó fún ọ níbẹ̀, wọ́n ń pọ́n ọ lé. Kí ni orúkọ rẹ ń ṣe ní Dansoman, níbi tí o kò sí? Èmi ni mò ń gbé ibí. Ibí ni wọn á ti sin mí.

Fi orí jì mí bí o bá lè fi jì. Bí o kò bá lè fi jì, má jẹ́ kí àbúrò rẹ mọ̀.

Bàbá rẹ,
Tàjùdíìnì


Leeds, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì, 2026

Bàbá mi,

Mo kí yín fún ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín.

Ó pẹ́ tí mo ti kọ̀wé. Mo kọ ìdáhùn lẹ́tà yín títí, mo ń pa á rẹ́. Ṣítọ̀ Nafisa dé, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ bá mi kí òun àti ọmọ tuntun náà.

Lánàá Nafisa pè mí nígbà tó ń gbé oúnjẹ ìṣínu kalẹ̀. Ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó ní kí n dúró gbọ́ ìpè Bàbá, pé ó ti pẹ́. Áàpù inú fóònù rẹ̀ dún. Mo retí ohùn yín. Ẹ kò pè. Nafisa pòṣé, ó ní, "Mi ò mọ ohun tí Bàbá máa ń dúró dè. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpè padà fún wọn ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀." Mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá nínú ọkàn mi. Ìṣẹ́jú kan pé, ẹ wá pe ìrun. Ohùn yín ṣì dùn bíi tàtijọ́.

Lẹ́yìn náà mo bi Mùbárákù bóyá ó ti fi ìṣẹ́jú yẹn padà sínú áàpù. Ó ní ẹ kò gbà, pé bí àwọn èèyàn bá rí i, wọ́n á bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ yọ ọ́. Nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń dúró dè é, lókè, níbi tí kò sí ẹni tó rí yín.

Nafisa rẹ́rìn-ín kó tó pa fóònù. Omi ìṣínu ti dà sórí ẹní, ìkòkò ló ń jò. Ó ní, "Lubabah ló yẹ̀ ẹ́ wò." Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bàbá, èmi ni agbè náà.

Ìṣẹ́jú mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń lò ó lójoojúmọ́. Orúkọ mi ńkọ́?

Lubabah